Àga Tí Yóò Gbé Mi Gungi

Níta ṣọ́ọ̀bù Halvorsen, wọ́n ri òpó igi kan mọ́lẹ̀,
òpó lásán, kò léwé, kò lẹ́ka,
kí oníbàárà lè gùn ún wò kó tó sanwó.
Eyín irin ti bó o títí
ó wá rí bí iṣu tí ewúrẹ́ bá nílé.

Ọmọ tó ń tajà kò wojú mi.
Curt ọmọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀:
"Ọ̀gá, eléyìí gba ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn, ẹ lè sùn lórí ẹ̀."
Curt, tí òòyì ń kọ́ lórí àkàbà onígbẹ̀sẹ̀ mẹ́ta!
Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo fẹ́ gùn ún."
Ó rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó rí i pé èmi ò rín, ó gbé tirẹ̀ mì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Arlen fi dẹ ègùn
lórí pákó tó kàn mọ́ igi óòkù, lẹ́yìn oko àgbàdo wa.
Bí ìbọn bá ti dún, màá ti pọ́n ọ̀bẹ.
Lọ́jọ́ kan ní Nọ̀fẹ́ńbà, ìbọn ò dún.
Pákó ti jẹrà lábẹ́ ìṣó. Ìṣó kì í ròyìn.
Títí ilẹ̀ fi ṣú ló wà nínú yìnyín, ìbàdí rẹ̀ fọ́ sí méjì,
òun àti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó wọ̀ kí ènìyàn má baà ṣì í yìn.
Gígùn kì í pa ọdẹ.
Ilẹ̀ ló ń dúró dè é.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá irin sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìwọ tó o fúyẹ́, pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógún péré,
kí ni wọ́n yọ kúrò lára rẹ?
Ìwọ tó o ní tìmùtìmù bí ìjókòó olóyè,
ta ni yóò rù ọ́ la àbàtà kọjá láàárọ̀ kùtù?
Ìwọ tó ò ń ké bí mo bá mí,
etí méjì tó wà lórí àgbọ̀nrín ti tó o,
kò bẹ̀ ọ́ ní ẹ̀kẹta.

Mo gun ẹ̀kẹrin.
Mo dìde, mo gbé ìjókòó sókè;
mo jókòó, mo fẹsẹ̀ fa àtẹ̀gùn tẹ̀lé e,
bíi kòkòrò tó ń fi ìbàdí wọn ewé,
ó ká, ó nà, ó tún ká.
Okùn ààbò gbà mí mọ́ òpó bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.
Lókè, mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù,
bọ́ọ̀lù ọmọdé kan tí oòrùn ti pa láró,
àti Curt, tó dijú.
Mo gbọn ara mi. Irin ò fọhùn.
Mo tún gbọn ọ́n.

Irínwó dọ́là ó dín mọ́kànlá.
Owó ẹyin adìẹ mi ni, n ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nílé, Arlen ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè ọsibítù.
"Kì í ṣe óòkù. Ẹ̀ka pọ̀ jù, àga yìí ò lè kọjá.
Igi páìnì tó ga ṣánṣán, létí omi,
bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀."
Ó mú okùn ààbò, ó fà á.
Ó tún fà á. Ó wé e mọ́ ọwọ́, ó tún fà á.
Kò sọ pé kí n rọra.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdẹ, mo lọ gun páìnì náà wò.
Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo rí óòkù lókèèrè,
pákó kan ṣì so rọ̀ lára rẹ̀,
ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń jẹun bí onílé.
Mo rí fèrèsé wa.
Tọ́ọ̀ṣì tàn níbẹ̀, ó kú, ó tún tàn.
Mo ń wá tèmi nínú àpò
nígbà tí nǹkan tẹ ewé gbígbẹ nísàlẹ̀ mi.
N ò mú ìbọn wá.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́.